Ọ̀gá ọkọ̀ tó di olówó láìwọ ìdíje kankan

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń ka ìtàn ìgbésí ayé ọ̀gá ọkọ̀ ogun ojú omi kan, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó gbé ayé ní ọ̀rúndún 18. Ìwé náà ní ‘prize money’ ló fi ra ilẹ̀, òun náà ló fi kọ́lé. Ṣùgbọ́n mo wá a títí, n kò rí ìdíje kankan tí ọkùnrin yìí wọ̀. Ohun tí èmi mọ̀ ni pé owó tí wọ́n ń fún ẹni tó bá gbégbá orókè nínú ìdíje ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà gan-an, níbo ló sì ti ṣẹ̀ wá?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìbéèrè. Ẹ kò ṣi ìwé kà. Ọkùnrin yẹn kò wọ ìdíje kankan lóòótọ́. Ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ló gbà lójú òkun, adájọ́ ní ó tọ́ sí i, wọ́n ta ọkọ̀ náà ní gbàǹjo, wọ́n sì fún un ní ìpín tirẹ̀ nínú owó rẹ̀. Owó yẹn ni àwọn ará ìgbà náà ń pè ní ‘prize money’. Bí a bá fẹ́ sọ ọ́ ní Yorùbá, owó ìkógun ni.

Èdè wa ti là á lójú ara rẹ̀. Ẹ̀bùn ni ohun tí wọ́n bùn ọ́. Ìkógun ni ohun tí o kó lógun. Kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò pe ọ̀kan ní èkejì. Gẹ̀ẹ́sì ló fi orúkọ kan pe méjèèjì, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n tẹ́lẹ̀, àwọn baba wọn kò tilẹ̀ mọ ara wọn. Ti ojú òkun gba inú Faransé wá: prise, ohun tí a gbá mú, tó ti ara prehendere jáde, ọ̀rọ̀ Látìn fún kí èèyàn di nǹkan mú. Ti ìdíje ní tirẹ̀ ti ara pretium wá, Látìn fún iye tí nǹkan tó. Pretium yìí bí ọmọ púpọ̀ sínú Gẹ̀ẹ́sì. Price, iye owó ọjà, wà níbẹ̀; praise, ìyìn, wà níbẹ̀; prize, ẹ̀bùn ẹni tó borí, náà wà níbẹ̀. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi z kọ ti ìdíje láti yà á kúrò lára price, ṣe ló lọ bá ti ojú òkun dọ́gba ní lẹ́tà. Ibi tí ìdàrúdàpọ̀ tó bá yín ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo ti rí àwọn tó kọ ọ́ pé inú owó àwọn ọmọ ogun ojú omi ni owó àwọn eléré ìdárayá ti ṣẹ̀. Wọ́n fi orúkọ ṣe ẹ̀jẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí n tán ti òkun ná, torí òun lẹ bi mí, òun ló sì gbádùn mọ́ mi jù.

Ní ayé àtijọ́, ohun tí ọmọ ogun bá gbà lọ́wọ́ ọ̀tá, ọba ló ni ín. Ṣùgbọ́n ọba tó fẹ́ kí àwọn èèyàn lé ọkọ̀ ọ̀tá kiri nínú ìjì, tó sì ń san owó tí kò tó ná fún wọn, ó di dandan kó fi nǹkan sí wọn lẹ́nu. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fi nínú rẹ̀ sílẹ̀, títí di 1708. Lọ́dún yẹn, nígbà ìjọba Ọbabìnrin Anne, tí ogun wọn pẹ̀lú Faransé ń le, òfin kan jáde pé owó ọkọ̀ tí a bá gbà di ti àwọn tó gbà á. Láti ìgbà náà ni ọmọ tálákà tó wọ iṣẹ́ ogun ojú omi ti ń lálàá pé ọjọ́ kan ṣoṣo lè sọ òun di olówó.

Àwọn Dutch ti ja ìjà tiwọn lórí ọ̀rọ̀ yìí ní ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú, ìjà náà sì lárinrin. Ní 1603, nítòsí Singapore, Jacob van Heemskerk gba ọkọ̀ àwọn Potogí kan tó ń jẹ́ Santa Catarina, tó kún fún ẹrù láti ilẹ̀ Ṣáínà. Nígbà tí wọ́n ta ẹrù náà ní Amsterdam, ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta owó guilder. Àwọn kan lára àwọn tó fi owó sínú òwò náà gan-an ní àwọn ò ní fọwọ́ kan irú owó bẹ́ẹ̀, pé olè jíjà ni. Ilé iṣẹ́ òwò àwọn Dutch tó wà nídìí òwò náà wá bẹ ọ̀dọ́mọkùnrin agbẹjọ́rò kan, Hugo Grotius, pé kó kọ àwíjàre fún àwọn. Ó kọ ọ́. Apá kan nínú rẹ̀, èyí tó tẹ̀ jáde ní 1609, ló sọ pé òkun kì í ṣe ti orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ yẹn sì di ọ̀kan lára òpó tí òfin òkun dúró lé. Ẹ wo ibi tí òfin ńlá ti máa ń jáde: agbẹjọ́rò ń wá ọ̀nà tí oníbàárà rẹ̀ yóò gbà jẹ owó ní àjẹfẹ̀yìntì.

Nǹkan wo ló wá ya èyí kúrò lára iṣẹ́ ajalèlókun? Ilé ẹjọ́ ni. Bí ọkọ̀ ogun bá gba ọkọ̀ ọ̀tá, wọn kò gbọdọ̀ tú ẹrù rẹ̀. Ọ̀gá ọkọ̀ á fi atukọ̀ díẹ̀ sínú rẹ̀ kí wọ́n wà á dé èbúté, pẹ̀lú gbogbo ìwé tí wọ́n bá nínú rẹ̀, nítorí àwọn ìwé yẹn ni ẹ̀rí. Ilé ẹjọ́ Admiralty, ìyẹn ilé ẹjọ́ ọ̀rọ̀ ojú òkun, ní London, tàbí èyí tó wà ní ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso nítòsí, á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè: ta ló ni ọkọ̀? Ta ló ni ẹrù? Ibo ló ń lọ? Bó bá jẹ́ ti ọ̀tá, adájọ́ á fà á lé àwọn tó gbà á lọ́wọ́, ó di gbàǹjo. Bó bá jẹ́ ti ẹni tí kò bá wọn sí nínú ogun, wọ́n á dá a padà, ọ̀gá ọkọ̀ tó sáré gbà á sì lè san owó gbà-máà-bínú látinú àpò ara rẹ̀. Ajalèlókun kì í dúró de adájọ́.

Òfin kékeré kan tún wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Ọkọ̀ ogun tó bá wà níbi tí ojú ti lè rí ìjà náà máa ń pín nínú rẹ̀, kódà bí kò yin ìbọn kan. Wọ́n ní rírí tí ọ̀tá rí i lókèèrè ló jẹ́ kó tètè túúbá. Ẹ̀yin náà lè fojú inú wo àríyànjiyàn tí èyí máa ń dá sílẹ̀ nílé ẹjọ́: ọ̀kan á ní ‘mo wà níbẹ̀’, èkejì á ní ‘kùrukùru bò ẹ́, ta ló rí ẹ?’

Ó wá ku pínpín. Kí ó tó di 1808, ọ̀nà mẹ́jọ ni wọ́n ń pín owó náà sí. Mẹ́ta jẹ́ ti ọ̀gá ọkọ̀, ṣùgbọ́n bó bá wà lábẹ́ ọ̀gágun àgbà kan, á yọ ọ̀kan nínú mẹ́ta yẹn fún un. Ọ̀kan jẹ́ ti àwọn igbákejì rẹ̀. Ọ̀kan lọ sọ́dọ̀ àwọn bíi olórí káfíńtà àti olórí àwọn tó ń yin àgbá, ọ̀kan sọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá kéékèèké. Méjì tó kù ni gbogbo àwọn atukọ̀ yòókù, tí wọ́n lè jẹ́ ọgọ́rùn-ún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, máa pín láàárín ara wọn.

Ẹ jẹ́ ká fi ọkọ̀ kan wò ó. Ní oṣù Karùn-ún 1762, ọkọ̀ Sípéènì kan tó ń jẹ́ Hermione ń bọ̀ láti Peru, ó ń lọ sí Cádiz pẹ̀lú ìṣúra. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ kò tíì gbọ́ pé ogun ti bẹ́ sílẹ̀ láàárín Sípéènì àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì méjì, Active àti Favourite, pàdé rẹ̀, wọ́n sì gbà á pẹ̀lú ìwọ̀nba ìjà. Owó tó délẹ̀ fún pínpín jẹ́ £519,705. Ìdá kan nínú mẹ́jọ rẹ̀ lé díẹ̀ ní £64,900. Ọ̀gá ọkọ̀ méjèèjì pín ìdá méjì, bí £65,000 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gágun àgbà wọn, Sir Charles Saunders, tí kò sí níbẹ̀ rárá, gba ìdá kan gbáko, ìyẹn ni pé owó tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti àwọn tó gba ọkọ̀ náà dọ́gba. Atukọ̀ lásán gba owó tó lé ní £480.

Kí ẹ tó káàánú atukọ̀ yẹn, ẹ rántí pé ṣílè mẹ́rìnlélógún ni owó oṣù atukọ̀ tó mọ iṣẹ́ nígbà náà (ogún ṣílè ló ń jẹ́ £1), ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n sì fi ń ka oṣù. Ìyẹn kò pé £16 lọ́dún. Ohun tó gbà lórí Hermione ju owó iṣẹ́ ọgbọ̀n ọdún lọ. Irú ìtàn yìí ló ń fa àwọn ọ̀dọ́ wọ ọkọ̀.

Ṣùgbọ́n lọ́dún kan náà, wọ́n gba Havana ní Cuba. Ogun gidi lèyí, àìsàn sì pa wọ́n níbẹ̀ ju ìbọn lọ. Nígbà tí wọ́n pín owó rẹ̀, olórí àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀, Earl of Albemarle, gba owó tó lé ní £122,000. Ọ̀gágun Pocock ti ojú omi gba iye kan náà. Atukọ̀ lásán kò gba £4. Nínú gbogbo ohun tí mo ti kà nípa owó ìkógun, iye yìí ni kì í kúrò lọ́kàn mi. Ní 1808 wọ́n tún ètò náà ṣe: ìpín ọ̀gá ọkọ̀ dín kù sí méjì nínú mẹ́jọ, ìlàjì gbogbo owó náà sì di ti àwọn atukọ̀ àti àwọn ọ̀gá kéékèèké.

Gbígbà náà tún ní wàhálà tirẹ̀. Ẹjọ́ lè jà ràn-ìn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Aṣojú tó ń bá wọn ta ọkọ̀, tó ń bá wọn gba owó, máa ń yọ nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, owó kóòtù wà lọ́tọ̀. Atukọ̀ tí ebi ń pa kò lè dúró, á ta ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún onílé tó wọ̀ sí ní èbúté lówó pọ́ọ́kú. Àwọn mìíràn ti kú kí owó tó jáde. Owó tí ẹnikẹ́ni kò wá gbà lọ sí Greenwich, ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn atukọ̀ tó ti darúgbó.

Ẹ̀yà rẹ̀ kan wà tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Lẹ́yìn tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú ní 1807, àwọn ọkọ̀ ogun wọn ń gba ọkọ̀ tó kó ẹrú ní etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ìjọba sì ń san owó fún wọn lórí ẹni kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá tú sílẹ̀. Òfin 1824 fi í sí £10 fún orí kan, nígbà tó yá ó di £5. Ní oṣù Kẹrin 1822, ọkọ̀ Myrmidon gba ọkọ̀ kan tí ọmọdékùnrin kan tó ń jẹ́ Àjàyí wà nínú rẹ̀, wọ́n sì kó wọn lọ sí Freetown; òun la wá mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Orí tí àwọn kan ń tà, àwọn mìíràn ń gba owó lórí títú u sílẹ̀. N kò lè sọ pé bákan náà ni, bẹ́ẹ̀ ni n kò lè ka ìwé ìṣirò wọn kí inú mi má rú.

Kò sí owó ìkógun mọ́ lónìí. Àdéhùn Paris ti 1856 kọ́kọ́ fòpin sí àwọn ọkọ̀ aládàáni tí àwọn ọba máa ń fún ní ìwé àṣẹ láti gba ọkọ̀ ọ̀tá. Amẹ́ríkà pa ti àwọn ọmọ ogun ojú omi tirẹ̀ rẹ́ ní 1899. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dúró di 1948, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, kí wọ́n tó ṣòfin pé ìyẹn ni ìgbẹ̀yìn.

Ti ìdíje tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ó dàgbà ju ti òkun lọ dáadáa. A máa ń gbọ́ pé adé ewé ólífì nìkan ni àwọn Gíríìkì ìgbàanì ń sáré fún. Òótọ́ ni ní Olympia, ibi tí wọ́n ti ń ṣe eré Òlíḿpíìkì ìgbàanì, ṣùgbọ́n ilé ni owó ń dúró dè wọ́n. Plutarch, òǹkọ̀wé Gíríìkì kan, kọ ọ́ pé Solon ṣòfin ní Athens pé kí wọ́n fún ọmọ ìlú tó bá borí ní Olympia ní 500 drachma, nígbà tí àgùntàn kan kò ju drachma kan lọ. Nínú eré Panathenaia ti Athens fúnra rẹ̀, òróró ólífì ni ẹ̀bùn, àmù ńlá-ńlá, bí ọgọ́rùn-ún fún ẹni tó bá yára jù. Kò sẹ́ni tó lè jẹ òróró tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Títà ni.

Ní Róòmù, wọ́n gbẹ́ iye owó eléré kan sára òkúta ní 146 lẹ́yìn ikú Krístì: Gaius Appuleius Diocles, tó fi ọdún mẹ́rìnlélógún wa kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin, tó borí nígbà 1,462, tí ẹ̀bùn rẹ̀ lápapọ̀ sì jẹ́ 35,863,120 sesterces. Àwọn kan ti ń fi iye yìí pè é ní eléré tó lówó jù láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Èmi kì í bá wọn dá sí i, torí ẹgbẹ́ ló ń sáré fún, òkúta náà kò sì sọ ohun tó wọ àpò tirẹ̀ nínú rẹ̀.

Ìbéèrè tó yẹ ká máa bi owó ìdíje ni pé ta ló gbé e kalẹ̀. Lójú òkun, ọ̀tá ló san án, tìpá-tìkúùkù. Nínú ìdíje, ẹnìkan fọwọ́ ara rẹ̀ yọ ọ́ ni. Nígbà mìíràn àwọn olùdíje fúnra wọn ni: nínú eré ẹṣin, àwọn tó ni ẹṣin á dá owó jọ, ẹni tí ẹṣin rẹ̀ bá ṣíwájú á kó púpọ̀ nínú rẹ̀. Tiwọn yìí bá tẹ́tẹ́ tan. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò tó ń fi ọwọ́ lásán jà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́: àwọn alátìlẹ́yìn apá méjèèjì á fi owó sọ́wọ́ ẹnìkan tí wọ́n jọ fọkàn tán, wọ́n á sì jà á lé e lórí. Nígbà tí owó ìwọlé àwọn òǹwòran, ti àwọn onígbọ̀wọ́ àti ti tẹlifíṣọ̀n wá dé, iye rẹ̀ bú jáde.

Ìdíje gọ́ọ̀fù Open fi bí nǹkan ṣe bẹ̀rẹ̀ hàn, ó sì pani lẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbá a ní Prestwick, ilẹ̀ Scotland, ní 1860, bẹ́líìtì awọ ni ẹ̀bùn, kò sí kọ́bọ̀. Ní 1863 wọ́n mú £10 wá, wọ́n pín in fún ẹni tó ṣe ipò kejì, ìkẹta àti ìkẹrin. Ẹni tó borí kò gba nǹkan kan nínú rẹ̀. Wọ́n ní bẹ́líìtì ti tó o. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ẹnìkan rò ó dáadáa, tí wọ́n fún Tom Morris tó borí ní £6. Lójú àwọn ará ìgbà yẹn, owó ni ti ẹni tí iyì bọ́ mọ́ lọ́wọ́.

Ìrònú yẹn ló pẹ́ kí tẹ́níìsì tó kúrò nínú rẹ̀. Wimbledon kò san owó ní gbangba títí di 1968, tó gba àwọn tó ń fi eré náà jẹun láyè. Rod Laver gba £2,000 lọ́dún yẹn. Billie Jean King tó borí láàárín àwọn obìnrin gba £750. US Open sọ ti ọkùnrin àti obìnrin di ọgbọọgba ní 1973, Wimbledon ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2007. Ìdíje Òlíḿpíìkì fúnra rẹ̀ kò ń san owó fún ẹni tó gba wúrà títí dòní. Àjọ eré sísá àgbáyé, World Athletics, ló dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní Paris ní 2024, $50,000 fún ẹni kọ̀ọ̀kan tó bá gba wúrà nínú eré tirẹ̀, àwọn àjọ eré mìíràn sì kùn sí i gan-an.

Ẹ má fi owó yìí wé owó oṣù. Agbábọ́ọ̀lù tó ní àdéhùn pẹ̀lú ẹgbẹ́ á gba owó rẹ̀, ìbáà borí, ìbáà fìdí rẹmi. Agbá-gọ́ọ̀fù tàbí agbá-tẹ́níìsì ló ń san owó ọkọ̀ àti ilé ìtura fúnra rẹ̀, bó bá sì tètè já, ó lè padà sílé pẹ̀lú gbèsè. Iye gọbọi tí à ń gbọ́ nínú ìròyìn jẹ́ ti àwọn tó wà lókè téńté.

Ìjọba náà máa ń fi ẹ̀bùn wá ọgbọ́n. Ní 1714, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé owó tó tó £20,000 kalẹ̀ fún ẹni tó bá lè jẹ́ kí atukọ̀ mọ bó ṣe jìnnà tó sí ìlà-oòrùn tàbí ìwọ̀-oòrùn lójú agbami. Káfíńtà kan tó ń ṣe aago, John Harrison, ló yanjú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó owó náà ń fì í síwá sẹ́yìn títí ó fi di ẹni ọgọ́rin ọdún, kí ilé aṣòfin tó san £8,750 tó gbẹ̀yìn fún un ní 1773. Nínú gbígbà owó, ó ṣeé ṣe kí àwọn atukọ̀ Hermione sàn jù ú lọ.

Ẹ wá padà sínú ìwé yín. Bí ẹ bá rí ‘agent’ nítòsí owó náà, aṣojú tó ń bá wọn gba owó ìkógun ni. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé ọkọ̀ kan di ‘condemned’, ẹ má rò pé ó jẹrà: adájọ́ ti fà á lé àwọn tó gbà á lọ́wọ́ ni. ‘Eighths’ ni ìdá mẹ́jọ tí mo ṣàlàyé rẹ̀. Bí ẹ bá sì ṣàkíyèsí pé ọdún bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún wà láàárín ìgbà tí ọkùnrin yẹn gba ọkọ̀ àti ìgbà tó ra ilẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ilé ẹjọ́ ló ń dúró dè.